Bí A Ṣe Ń Ṣe Ohun Tó Ń Fa Òórùn Ara Mọ́ra

Àṣìṣe tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí, ìyẹn ṣíṣe ohun tí òórùn ara yóò lẹ̀ mọ́ kí ó má bàa dé imú, ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe ìpara ní Òṣogbo níbí ni kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ èédú kúnná, mo yọ́ òrí, mo pò wọ́n pọ̀, mo fi òróró àgbọn díẹ̀ sí i kí ó lè rọ̀, mo sì rọ ọ́ sínú agolo kéékèèké. Ó dára lójú, ó dúdú bí ọṣẹ dúdú. Àbúrò mi obìnrin fi pa abíyá lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òkè-Fíà. Kí ó tó di ọ̀sán, òórùn tí à ń sá fún ti dé, bùbá léèsì funfun tó wọ̀ sì ti dúdú lábẹ́ apá méjèèjì. Ohun tó sọ fún mi nígbà tó délé kò ṣeé kọ síbí.

Èédú náà kò jẹ̀bi. Èmi ni mo dí i lẹ́nu. Òrí àti òróró tí mo fi pò ó ti kún inú àwọn ihò tó yẹ kí òórùn wọ̀, kò sì sí àyè mọ́. Gbogbo ohun tí mo máa ṣàlàyé nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ kan náà ló dúró lé: ihò gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ó sì wà ní ṣíṣí, kí ohun èlò tó lè fa òórùn mọ́ra.

Kí ló ń rùn gan-an?

Òógùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Oríṣi ẹ̀yà ara méjì ló ń pèsè rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ wà káàkiri ara, omi àti iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń sun, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú ara tutù. Èkejì wà ní abíyá, ní abẹ́ àti láwọn ibi díẹ̀ mìíràn. Kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ọmọ yóò fi bàlágà, ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún 5 fi lè ṣeré nínú oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìrùn bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún 16. Ohun tí ẹ̀yà kejì yìí ń sun ní ọ̀rá àti àwọn èròjà mìíràn nínú, àwọn bakitéríà tó ń gbé lórí awọ ara, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní Corynebacterium àti Staphylococcus hominis, a sì máa jẹ ẹ́. Àjẹkù wọn ni imú wa ń gbọ́.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀nà mẹ́ta ni àjẹkù náà pín sí. Àwọn kan jẹ́ ásíìdì: 3-methyl-2-hexenoic acid ló ń fún abíyá ní òórùn líle bíi ti òbúkọ, isovaleric acid sì wà nínú òórùn ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ nínú bàtà. Àwọn kan ní imí ọjọ́ nínú. Wọn kì í pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n imú ọmọ èèyàn máa ń tètè mọ̀ wọ́n, òórùn wọn sì jọ ti àlùbọ́sà tí a gé sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn tó ṣẹ́kù kì í ṣe ásíìdì, bí amóníà tó ń jáde láti inú òógùn tó ti pẹ́ lára aṣọ, àti èyí tó ń jẹ́ 2-nonenal, tí àwọn onímọ̀ ní Jàpáànì ròyìn ní ọdún 2001 pé àwọn rí i lára àwọn tó ti pé ẹni 40 ọdún sókè. Kò sí ohun èlò kan ṣoṣo tó lè mú gbogbo wọn dáadáa, ẹni tó bá sì ta ohun kan fún yín pé ó ń mú gbogbo òórùn, ẹ bi í léèrè irú òórùn tó fi dán an wò.

Mo fẹ́ fi èyí kún un, nítorí àwọn tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀ akérò. Òórùn ara kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀rọ̀ àìwẹ̀. Àbùdá kan wà tó ń jẹ́ ABCC11. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Kòríà ló jogún oríṣi rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí abíyá rùn tó bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí etí wọn a sì máa gbẹ dípò kí ó rọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwa níhìn-ín kọ́ nìyẹn.

Fífà mu yàtọ̀ sí fífà mọ́ra

Kànìnkàn máa ń fa omi mu: omi wọ inú rẹ̀, bí a bá fún un, omi á jáde. Fífà mọ́ra kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ni òórùn ń lẹ̀ mọ́ ojú èròjà náà bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò ẹni tó gba inú pápá kọjá. Bí ojú tí nǹkan lè lẹ̀ mọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni èrè rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, ihò tíntìntín inú èédú ló sì ń mú kí ojú náà pọ̀. Gíráàmù kan péré nínú èédú tí a ti la ihò rẹ̀ dáadáa lè ní ojú tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 500 sí 1,500. Bí a bá mú 1,000 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, gíráàmù 7, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ṣíbí ọbẹ̀ kan lọ, ní ojú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù tó gùn ní mítà 105 tó sì fẹ̀ ní mítà 68. Nítorí ihò wọ̀nyí ni Nikolai Zelinsky, ará Rọ́ṣíà, fi kó èédú sínú ìbòjú àwọn ọmọ ogun ní ọdún 1915, kí afẹ́fẹ́ olóró má bàa pa wọ́n.

Èédú dára gan-an fún òórùn tó wá láti inú ọ̀rá, bíi 2-nonenal, ó sì máa ń mú púpọ̀ nínú àwọn ásíìdì àti àwọn onímí-ọjọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò lágbára lórí amóníà. Zinc oxide, ìyẹ̀fun funfun tó wà nínú ìpara ìdí ọmọ ọwọ́, máa ń sọ ásíìdì tó ń rùn di iyọ̀ tí kò lè fò dé imú mọ́. Ní ọdún 1888 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpara abíyá tó ní síǹkì nínú, tí wọ́n ń pè ní Mum, ní Amẹ́ríkà. Álọ́ọ̀mù, èyí tí a fi ń ṣe omi kànga kó tòrò, jẹ́ ásíìdì díẹ̀, nítorí náà ó lè dá amóníà dúró, ó sì máa ń ká bakitéríà lọ́wọ́ kò. Baking soda máa ń pa ásíìdì, ṣùgbọ́n ó le jù fún awọ ara ọ̀pọ̀ èèyàn. Ara wa fẹ́ ohun tó ní ásíìdì díẹ̀, baking soda sì wà ní òdìkejì pátápátá. Ẹni tó bá fi pa abíyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá yóò mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ má ṣe po álọ́ọ̀mù àti baking soda pọ̀ láé. Mo ti rí i nínú ìpara tí wọ́n ń tà, a sì kọ orúkọ méjèèjì sára agolo rẹ̀ bí ẹni pé èrè ni. Bí omi bá ti kàn wọ́n, wọn yóò hó, ọ̀kan yóò sì pa èkejì, ohun tó kù nínú agolo kò ní lè ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan nínú méjèèjì.

Èédú: ṣíṣe rẹ̀ tàbí rírà rẹ̀

Èèpo èkùrọ́ ni ó dára jù fún wa, nítorí ó le, eérú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì wà lọ́pọ̀ yanturu níbi tí wọ́n ti ń fọ́ èkùrọ́ fún àdín. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kó o sínú agolo onírin tó ní ìdérí, kí ẹ sì fi ìṣó lu ihò kan ṣoṣo sí ìdérí náà. Ẹ gbé e sínú iná. Èéfín funfun tó nípọn ni yóò kọ́kọ́ máa jáde láti ihò náà, lẹ́yìn náà yóò fẹ́lẹ́, nígbà tó bá sì dáwọ́ dúró pátápátá, ó ti jinná. Ibí yìí ni sùúrù ti ń tán nínú ọ̀pọ̀ èèyàn: ẹ má ṣí i lọ́jọ́ náà. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án nígbà tó ṣì gbóná, yóò tún gbiná, eérú ni ẹ óò sì bá. Ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú.

Ohun tí ẹ óò bá lọ́wọ́ láàárọ̀ jẹ́ èédú lásán, ihò rẹ̀ kò sì tíì là tó. Láti la ihò, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni kí a ti ooru omi gbígbóná gba inú rẹ̀ nígbà tí ó wà ní dígírì 800 sókè. Èkejì ni kí a rẹ èèpo èkùrọ́ tútù sínú phosphoric acid kí a tó sun ún ní nǹkan bí dígírì 450, kí a sì fi omi ṣàn án títí ásíìdì yóò fi kúrò pátápátá. Kò sí èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ní ojúlùmọ̀ ní ilé ìwádìí kẹ́míkà ti yunifásítì ni kí ó bá wọn sọ ọ́. Àwọn kan ń sọ pé bí a bá rẹ èédú sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú, ihò rẹ̀ yóò là. Mo gbìyànjú rẹ̀, kò sì yàtọ̀ sí èédú lásán nígbà tí mo dán an wò.

Èmi ti ń rà á báyìí. Àwọn tó ń ta èlò fún àwọn ilé iṣẹ́ píọ́ wọ́tà ní èédú oníhò nínú àpò, nítorí òun ni wọ́n fi ń yọ òórùn àti àwọ̀ kúrò nínú omi. Kí ẹ béèrè èyí tó rí wóró-wóró bíi gàrí, kì í ṣe èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun.

Yálà ẹ ṣe é ni tàbí ẹ rà á, ẹ dán an wò. Ẹ ra gentian violet ní ilé oògùn, oògùn aláwọ̀ èsè àlùkò tí àwọn ìyá wa fi ń pa ẹnu ọmọ. Ẹ bu omi tó tó mìlílítà 200 sínú ike méjì tó mọ́ gaara, ẹ kán ẹ̀kán méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ da ṣíbí tíì kan èédú tuntun yín sínú ọ̀kan, kí ẹ sì da ìwọ̀n kan náà nínú èédú tí a fi ń dáná, tí ẹ ti gún, sínú èkejì. Ẹ mì wọ́n fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tí a ká ní ìlọ́po mẹ́rin sẹ́ wọn. Bí èédú náà bá dára, omi inú ike àkọ́kọ́ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Èkejì yóò ṣì ní àwọ̀. Ẹ má fi èédú tí ẹ fi dán an wò ṣe nǹkan mọ́.

Nítorí pé Òṣogbo ni a wà, ìlú aró, ẹnìkan bi mí pé kí ló dé tí n kò lo omi aró tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò àwọn aláró. Mo ti lò ó rí, ó sì tàn mí jẹ. Ẹ̀lú tó ti rí afẹ́fẹ́ kì í yòrò nínú omi. Fúnra rẹ̀ ni yóò rọra sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ike, ẹ óò sì rò pé èédú ló fà á.

Pádì abẹ́ apá

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òróró àti omi ló ń dí ihò, àyè tó yẹ èédú ni inú aṣọ. Ẹ gé aṣọ òwú funfun méjì, tí ẹ ti fọ sítáàṣì inú rẹ̀ kúrò, kí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8, kí ó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ fi omi ṣan èédú wóró-wóró títí omi rẹ̀ yóò fi tòrò, ẹ sá a gbẹ nínú oòrùn líle, kí ẹ sì fi ajọ̀ gàrí gbọn gbogbo ìyẹ̀fun rẹ̀ dànù, torí ìyẹ̀fun yìí ló ń yọ jáde ba aṣọ jẹ́. Ẹ wọn gíráàmù 5 fún pádì kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá kàn dà á sínú àpò kan, láàárín wákàtí kan gbogbo rẹ̀ yóò ti kó jọ sí ìsàlẹ̀ bí iyanrìn inú àpò. Ẹ kọ́kọ́ rán aṣọ méjèèjì pọ̀ ní ìlà-ìlà lọ sókè, kí ìlà kan jìn sí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 2, yóò di ojú mẹ́rin bí ojú fèrè. Ẹ fi ìka méjì mú èédú díẹ̀ sínú ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọn ọ́n sílẹ̀ títí kò fi ní sí wóró kankan lójú ọ̀nà abẹ́rẹ́, ẹ rán ìlà kan ní ìbú, kí ẹ tún dà á, kí ẹ tún rán an, títí ẹ óò fi dé òkè. Bí abẹ́rẹ́ bá bá wóró pàdé, ẹ óò gbọ́ ọ, ó sì lè kán. Nígbà tí ẹ bá parí, pádì náà yóò ní ojúlé kéékèèké 20, èédú kò sì ní lè rìn.

Apá tí yóò kan ara, ẹ fi aṣọ táwẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Táwẹ́ẹ̀lì ni yóò fa òógùn mu, èédú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò fa òórùn tó bá fẹ́ gbabẹ̀ jáde mọ́ra. Ẹni tó bá gbé èédú sí ẹ̀gbẹ́ ara tààrà yóò rì í sínú òógùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì tí à ń tẹ̀ pa ni mo fi ń mú un mọ́ abẹ́ apá bùbá tàbí dàńṣíkí, kí ó lè ṣeé yọ kí a tó fọ aṣọ. Aṣọ òwú ló bá a mu jù. Pólísítà máa ń di ọ̀rá òógùn mú, òórùn a sì wà lára rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti fọ̀ ọ́.

Ìyẹ̀fun fún awọ ara

Kaolin gíráàmù 60, sítáàṣì àgbàdo gíráàmù 25, zinc oxide gíráàmù 15. Ẹ bo imú, ẹ sẹ́ wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tán. Lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà tí abíyá bá ti gbẹ dáadáa, ni kí a fi í pa á, díẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí kaolin. Amọ̀ funfun ni, ẹfun tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba sì lè jọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹfun ọjà rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òjé wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìpara ni kí ẹ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èlò ìpara.

Ẹ má sì fi lọ́fínńdà sí i. Mo mọ̀ pé oníbàárà yóò béèrè, èmi náà sì ti fi sí i rí nítorí ọjà. Ṣùgbọ́n lọ́fínńdà fúnra rẹ̀ jẹ́ òórùn, òun ni ohun èlò náà yóò kọ́kọ́ fà mọ́ra, àyè tí ẹ fi owó ra fún òórùn abíyá yóò sì ti kún kí oníbàárà tó wọ̀ ọ́.

Dídán an wò lára èèyàn

Imú máa ń tètè mọ́ra pẹ̀lú òórùn, pàápàá òórùn ẹni fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹni tó wọ pádì kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí ẹni náà fi pádì elédùú sí apá kan, kí ó fi pádì tí kò ní nǹkan kan nínú sí apá kejì, láìmọ èyí tó jẹ́ èwo. Lẹ́yìn wákàtí 8, a yọ wọ́n, a kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò onídèérí tó mọ́, a kọ nọ́ńbà sí ìdí ìgò, a sì pe ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí à ń kó wọn pé kí ó gbọ́ òórùn wọn, kí ó fún wọn ní máàkì láti 0 sí 5. Láàárín ìgò kan sí èkejì, ó gbọ́dọ̀ jáde lọ gba afẹ́fẹ́. Ẹ lo èèyàn bíi mẹ́fà, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ apá tí elédùú ń wà, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Bí awọ ara ẹnikẹ́ni bá pọ́n tàbí tó ń yún un, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí òórùn ara rẹ̀ ṣàdédé yí padà, tàbí tó ń làágùn gidigidi láìṣe iṣẹ́, dókítà ni kí ẹ ní kí ó lọ rí. Ìyẹ̀fun náà sì jẹ́ ìpara lójú òfin, nítorí náà kò yẹ kí ẹ tà á fún ará ìta láìforúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC.

Nígbà òjò ni wàhálà pádì pọ̀ jù, torí afẹ́fẹ́ ìlú wa máa ń kún fún omi, omi yìí a sì máa du ihò mọ́ òórùn lọ́wọ́. Ẹ tọ́jú èyí tí ẹ kò tíì lò sínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ le. Èyí tí ẹ ti lò, ẹ sá a sínú oòrùn ọ̀sán lórí páànù fún odindi wákàtí mẹ́rin. Púpọ̀ nínú omi àti díẹ̀ nínú òórùn yóò jáde, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó ṣì wúlò, ẹ kán ẹ̀kán fínígà kan sórí òwú, ẹ fi í sínú ìgò pẹ̀lú pádì náà, kí wọ́n má fara kanra, ẹ dé e fún wákàtí kan. Bí ẹ bá ṣí i tí fínígà ṣì gún imú yín, ẹ tú ẹ̀gbẹ́ kan nínú òwú ìránṣọ rẹ̀, ẹ gbọn èédú náà jáde, ẹ fọ aṣọ, kí ẹ sì da tuntun sí i. Ìdí ewédú tó wà lẹ́yìnkùlé ni èmi ń da ti àtijọ́ sí.